Kí A Tó Ra Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka àtúnṣe ẹ̀rọ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù

  Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru, ẹ kú àìsùn. N ò ní pẹ́ jù kí ẹ lè lọ sinmi.

Ìgbìmọ̀ ló ní kí n sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ fọwọ́ ara wa tò fún ẹ̀ka wa yìí, kí n sì la ọ̀nà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pé àwọn fẹ́ yáwó fi to tiwọn sílé. Àwọn tó kọ̀wé náà kò kéré. Ẹ̀yáwó sì ni ẹ̀yáwó ń jẹ́. Bí ẹ̀yà tí a fi rà bá kú lọ́sẹ̀ kejì, wọn kò ní torí ìyẹn má yọ ọ́ nínú owó oṣù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá gan-an. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó àṣekún iṣẹ́ dé láàárín wa àti ọ́fíìsì lọ́dún tó kọjá, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé síwájú. Ó mọ́ tónítóní, wákàtí kọ̀ọ̀kan wà lójú ìlà tirẹ̀. Àwa náà gbé rẹ́jísítà wa síwájú, èyí tí òjò ti rọ̀ sí nínú yàrá ẹgbẹ́, tí yíǹkì rẹ̀ ti ṣàn wọnú ara wọn. Gbogbo yín lẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí. Títí di òní, àwọn kan wà láàárín wa tí kò rí owó wákàtí tí wọ́n fi òógùn ojú ṣe gbà. Ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ sí lọ́dọ̀. Kì í ṣe fàájì la fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ ṣe.

Àwọn kan ń béèrè pé, èéṣe tí a kò kúkú ra láptọ́ọ̀pù? Láptọ́ọ̀pù dára fún ẹni tó ń rìn kiri. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní, wọ́n ti fi òjé lẹ RAM mọ́ pátákó inú rẹ̀, kò ṣeé yọ, kò ṣeé fi kún. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì yàtọ̀. Bí ẹ̀yà kan bá kú, òun nìkan la ó sin, àwọn yòókù á máa bá iṣẹ́ lọ. Láti ọ̀la títí di ọdún mẹ́fà sí i, a lè máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ bí agbára bá ṣe ń dé. Yàtọ̀ sí èyí, olè kò lè fi sábẹ́ aṣọ gbé e jáde.

Ẹ má sì jẹ́ kí n tàn yín jẹ o. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́tà àti ìṣirò nìkan lẹ fẹ́ máa fi ṣe nílé, tòkunbọ̀ ọ́fíìsì tí wọ́n ti tò tán wá láti òkèèrè sábà máa ń dín lówó ju èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tò lọ. N kò rí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Kí ẹ ṣáà wo nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí rẹ̀: Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba prósẹ́sọ̀ Intel tó bá ti dàgbà ju ìran kẹjọ lọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2017. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì wọ̀nyẹn ló ní páwà páàkì àti pátákó tí ìrísí wọn kò bá ti ẹlòmíràn mu. Bí páwà páàkì rẹ̀ bá jó, ẹ ó yí gbogbo ọjà po kí ẹ tó rí ọmọ ìyá rẹ̀.

Ó dáa. Ká ní a ti pinnu láti tò ó. Ìyàwó ilé kì í dé ọjà kí ó tó mọ ọbẹ̀ tó fẹ́ sè. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ lórí ìwé. Ti ẹ̀ka wa kò le: rẹ́jísítà ọmọ ẹgbẹ́, owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa, wákàtí iṣẹ́ kálukú, lẹ́tà, àti ìwé ìròyìn yìí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ṣe ìgbáradì ìdánwò JAMB, tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 2015, irú èyí náà ló bá a mu. Ẹni tó bá fẹ́ máa gé fídíò ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe, tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu nítorí géèmù, tirẹ̀ tún gba owó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí yóò ra káàdì àwòrán lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé.

Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé. Tọkọtaya ni àwọn méjèèjì: a kì í ra ọ̀kan láìmọ èkejì. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà méjì, AMD àti Intel, ló ń ṣe prósẹ́sọ̀ tí à ń sọ yìí, kálukú sì ní ìjókòó tirẹ̀ lórí pátákó. Ìjókòó AM4 ti AMD jáde ní 2016, AM5 sì dé ní 2022. Ti Intel, LGA 1700 dé ní 2021, LGA 1851 tẹ̀lé e ní 2024. Ohun tó wọ AM4 kò ní wọ AM5, bí ẹ tilẹ̀ fi òòlù gbá a. Nítorí náà, orúkọ ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ sì rí i lára páálí fúnra yín.

Ẹ kíyè sí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ prósẹ́sọ̀ pẹ̀lú, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ti mú àwọn ènìyàn sunkún. Intel Core i5-12400 àti i5-12400F fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì, owó F sì máa ń dín. Ṣùgbọ́n F túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó ń gbé àwòrán jáde nínú rẹ̀. Àfi kí ẹ ra káàdì àwòrán sí i. Arákùnrin kan ní ẹ̀ka ìdípọ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ra oní-F nítorí owó tó dín. Ó tò ó tán, fáànù ń yí, iná ń tàn, skríìnì ṣókùnkùn bí òru. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń pààrọ̀ wáyà kí ẹnikẹ́ni tó wo orúkọ ara prósẹ́sọ̀. Ní ti AMD, àwọn AM4 tó ní lẹ́tà G lẹ́yìn ni àwòrán wà nínú wọn. Èyí tí mo dábàá fún ìgbìmọ̀ ni Ryzen 5 5600G tó dé ọjà ní 2021. Ọpọlọ 6 ló wà nínú rẹ̀, 65 wátì ni wọ́n kọ sí i, fáànù tirẹ̀ sì máa ń bá a wá nínú páálí bí ó bá jẹ́ tuntun. Kì í ṣe tuntun jù lọ. Iṣẹ́ wa kò béèrè tuntun jù lọ.

Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, iná fóònù yín ni kí ẹ fi yẹ eyín rẹ̀ wò. Eyín 1331 ló wà lábẹ́ prósẹ́sọ̀ AM4, tínrín bí irun. Ọ̀kan tẹ̀, wàhálà dé. Ti AM5 àti ti Intel, inú ìjókòó ara pátákó ni eyín wà, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ tanná sí. Kí ẹ sì bi ọlọ́jà léèrè bóyá pátákó AM4 tó ti pẹ́ ní BIOS tó mọ prósẹ́sọ̀ tí ẹ mú dání. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò ṣe bí ẹni tí kò rí àlejò. Ẹ ní kí ó fi prósẹ́sọ̀ náà tan pátákó náà lójú yín kí ẹ tó ka owó.

RAM kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tábìlì tí télọ̀ ń tẹ́ aṣọ sí ni. Bí tábìlì bá kéré, télọ̀ á máa ká aṣọ, á máa tú u, iṣẹ́ kò ní yá, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yára tó. 8 GB tó fún lẹ́tà, ṣùgbọ́n 16 GB ni mo fara mọ́, pàápàá nígbà tí àwòrán bá wà nínú prósẹ́sọ̀, nítorí òun náà ń jẹ nínú RAM kan náà. Ẹ ra 8 méjì dípò 16 kan, ọ̀nà méjì ni dátà yóò máa gbà kọjá. DDR4 ni AM4 ń lò, DDR5 ni AM5. Intel LGA 1700 ní pátákó tó gba DDR4 àti èyí tó gba DDR5, ẹ ka páálí dáadáa. Ẹnu tí wọ́n gé sára àwọn méjèèjì kò dọ́gba, ẹ má fi agbára tì í. Owó RAM ti lọ sókè gidigidi láti ìparí ọdún 2025, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe AI ń gbé e ní ọ̀gbálọgbàrà. Bí owó kò bá tó, ẹ ra 8 kan ná, kí ẹ fi ihò kejì sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Ohun tó dára nínú kíkọ́ ilé tara ẹni nìyẹn.

Ibi ìfipamọ́ ni SSD. Ẹ má fi háádì díìsìkì àtijọ́, èyí tó ń yí bí àwo, ṣe ibi tí Windows yóò máa gbé. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ kí ó tó rí ohun tí ẹ béèrè, ẹ ó ti mu ẹ̀kọ tán. SSD onísátà ń kàwé tó bí 550 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Oní-NVMe ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ. Fún iṣẹ́ wa, ojú kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. 500 GB tó. Ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀ nínú ọjà yìí ju ti RAM lọ. Wọ́n á kọ 2 TB sí i lára, kọ̀ǹpútà pàápàá á jẹ́rìí pé 2 TB ni, kò sì ju 64 GB lọ nínú. Bí ẹ bá kọ̀wé kọjá ibẹ̀, yóò máa gbà á, yóò sì máa sọ ọ́ nù. Ọ̀fẹ́ ni ètò H2testw tó ń kún un dé ẹnu tó sì ń ka gbogbo rẹ̀ padà. Ọjọ́ tí ẹ bá rà á gan-an ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Rẹ́jísítà ẹ̀ka yóò sì wà ní ọ̀nà mẹ́ta: nínú ẹ̀rọ, nínú díìsìkì kan tó ń gbé ilé Akápò, àti lórí bébà. Bébà kò kú tíì.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń tún mọ́tò iná ṣe nínú ilé-iṣẹ́ yìí, ohun tí mo sì rí ni pé àwọn ènìyàn á kó owó lé prósẹ́sọ̀, wọ́n á wá fi owó guguru ra páwà páàkì. Páwà páàkì ni ó dúró láàárín gbogbo ẹ̀yà yẹn àti NẸ́PÀ, bí a ṣì ṣe ń pè é bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2013 ni wọ́n ti pín in tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. 230 fóòtì ló yẹ kí ó wọlé. Lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá ń lo iná, a máa rí 160. Bí wáyà ńútírà bá já lórí òpó, ó lè kọjá 300 nínú ilé ẹlòmíràn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní «I pass my neighbour» náà ní tirẹ̀, bí epo bá ti fẹ́ tán, yóò máa jó bí ẹni tó mutí.

Kọ̀ǹpútà bí irú tiwa yìí, tí kò ní káàdì àwòrán, kì í sábà fa ju 150 wátì lọ. Nítorí náà, páwà páàkì 450 wátì tòótọ́ ti tó, ó sì kù. Mo ní tòótọ́. Àwọn tó máa ń wà nínú àpótí olówó pọ́ọ́kú, wọ́n á kọ 500 sí wọn lára, wọ́n á kọ 600, ẹ gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bí kèǹgbè. Ẹ wá àmì 80 Plus lára rẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé, ó kéré tán, ìdá 80 nínú 100 iná tó gbà ni ó ń fi ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá nílò 100 wátì, 125 ni yóò gbà lára ògiri. 25 yòókù ni ooru. Ẹni tó ń ra epo jẹnẹrétọ̀ mọ ìtumọ̀ 25 yẹn. Bí ẹ bá bá páwà páàkì àtijọ́ pàdé tó ní bọ́tìnnì pupa lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, orí 230 ni kó wà kí ẹ tó fi sínú iná. Ẹ má ṣe tú páwà páàkì láéláé, bó ti wù kí ó rí. Iná ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri.

UPS kì í ṣe nǹkan ọlọ́lá, ara ẹ̀rọ náà ni. 650 VA tí wọ́n kọ sí i kì í ṣe 650 wátì. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ ni kí ẹ kà, bíi 390 wátì. Ìyẹn tó láti pa ẹ̀rọ àti skríìnì ní sùúrù nígbà tí iná bá lọ. Kì í ṣe láti fi ṣiṣẹ́ di alẹ́. Ẹ má so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oní-lésà mọ́ ọn, ó ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sì gé ẹsẹ̀ kẹta ara plọ́ọ̀gì. Ọ̀pọ̀ ilé ìyàlégbé wa kò ní ẹ́ẹ̀tì rárá, bẹ́ẹ̀ ni òun ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ dípò ara yín. Ẹni tí ojú fi ń ta á bó bá fọwọ́ kan irin kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó wá rí mi, n ò ní gba owó.

Àpótí rẹ̀ kò ní wàhálà, kí ó ṣáà gba ìwọ̀n pátákó yín. Pátákó ATX jẹ́ 305 mílímítà sí 244, micro-ATX jẹ́ 244 sí 244. Kí ó láyè afẹ́fẹ́ níwájú, nítorí eruku ọyẹ́ yóò dé. Àwọn kókó bàbà kéékèèké tí pátákó ń jókòó lé, ẹ rí i pé gbogbo wọn wà ní ojú ihò, ẹyọ kan tó bá ṣì dúró lè pa pátákó náà. Ọ̀dà tí ẹ ó fi sórí prósẹ́sọ̀ kó má ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Ẹ má tò ó lórí kápẹ́ẹ̀tì. Orí tábìlì onígi ni, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan irin àpótí náà lóòrèkóòrè kí iná ara yín lè bọ́ sílẹ̀.

Ọjà wá kù. Otigba ní Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ wa yóò lọ. Ẹni tó bá pàdé yín lójú ọ̀nà tó ní «kí lẹ fẹ́ rà», ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ẹ máa bá tiyín lọ; owó rẹ̀ ti wà nínú iye tí wọ́n máa dá lé yín. Inú ìsọ̀ tó ní orúkọ lókè ni kí ẹ wọ̀. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ lọ ní méjì-méjì, kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀, kí ẹnì kejì máa wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Nọ́ńbà ara ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n kọ sórí rìsíìtì, kì í ṣe «RAM 1» lásán, nítorí ìsọ̀ kan ti sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ wa pé ohun tó dá padà kì í ṣe tàwọn, kò sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ìsọ̀ tí kò bá jẹ́ kí ẹ tan ẹ̀yà wò, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ní ti ètò tí yóò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, mo ti gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ fi Windows jíjí sí ẹ̀rọ ẹ̀ka. Rárá o. Orúkọ, nọ́ńbà báńkì àti owó oṣù àwọn ènìyàn ni yóò wà níbẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà nílẹ̀ Nàìjíríà láti 2023, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò sì sí lókè òfin. Bí owó Windows bá pọ̀ jù, Linux Mint tàbí Ubuntu pẹ̀lú LibreOffice, ọ̀fẹ́ ni, yóò ṣe gbogbo ìṣirò tí mo kà sílẹ̀ yẹn. Ó tilẹ̀ ní kíìbọ́ọ̀dù Yorùbá tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ àti sábẹ́ rẹ̀, Akọ̀wé wa kò ní máa fi bírò tọ àmì sórí ìwé ìròyìn yìí mọ́.

Àbá tó wà níwájú ilé ni pé kí owó àpapọ̀ ẹ̀ka ra ẹ̀yà ti ẹgbẹ́, kí ènìyàn mẹ́ta lọ rà á: Akápò, ẹnì kan láti ẹ̀ka ìdípọ̀, àti èmi, kí gbogbo rìsíìtì sì wà lára pátákó ìkéde ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yáwó, ẹ mú bébà tí ẹ kọ iṣẹ́ ẹ̀rọ yín àti orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí wá fún mi kí alájẹṣẹ́kù tó jókòó. N ó yẹ ìjókòó prósẹ́sọ̀ àti pátákó wò fún yín, n ó yẹ páwà páàkì wò, n ó sì fọwọ́ sí i. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni mo máa ń ráyè, lẹ́yìn yàrá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Alága, mo dá ọ̀rọ̀ padà fún yín.